Ẹyẹ Àlejò Ìgbà Ọyẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Máa Yà Wọ́n ní Fọ́tò

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, àwọn ẹyẹ kan máa ń wà lórí pápá wa tí wọn kì í ṣe ọmọ ibí. Àwọn kan nínú wọn ti Yúróòpù fò wá, wọ́n gba orí òkun Mẹditaréníà àti aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rí wọn lójoojúmọ́ tí a ò mọ̀ pé àlejò ni wọ́n. Ìbàdàn ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ya ẹyẹ. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí.

Àwọn ẹyẹ wo gan-an lẹ ń sọ?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí.

Àwọn kan ti Yúróòpù àti àríwá Éṣíà wá. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ onírù gígùn tí òyìnbó ń pè ní barn swallow wà lára wọn. Yellow wagtail náà wà níbẹ̀, ẹyẹ kékeré tí ikùn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè, tó máa ń ju ìrù sókè sódò lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ní etí omi, ẹ óò rí common sandpiper tí kò lè dúró kó má mi ìdí, àti whimbrel tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀ bíi dòjé. Osprey náà ń wá. Àwòdì apẹja ni òun, ẹsẹ̀ ló máa ń nà síwájú bó bá fẹ́ já sínú ọ̀sà.

Àwọn kejì kò jáde kúrò ní Áfíríkà rárá, àmọ́ wọ́n ń ṣí káàkiri inú rẹ̀. Lékeléke ni olórí wọn. Ọmọ Yorùbá wo ni kò tíì na èékánná sókè rí kó ní kí lékeléke bun òun ní funfun? Nígbà òjò, Òkè Ọya ni wọ́n máa ń lọ pamọ. Bí òjò bá dá ní nǹkan bí Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kọkànlá, wọ́n á tẹ̀ lé ẹ̀rùn wá sọ́dọ̀ wa. Àwòdì náà máa ń tẹ̀ lé ẹ̀rùn wá, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run ìlú wa fi máa ń kún fún wọn lásìkò ọyẹ́.

Kí ló ń lé wọn kúrò lọ́hùn-ún? Ṣé òtútù ni?

Ebi ni. Ìyẹ́ lè gba ẹyẹ lọ́wọ́ òtútù bó bá ti rí oúnjẹ jẹ. Ní Jámánì lóṣù Kejìlá, kòkòrò tó ń fò lójú ọ̀run ti tán, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kò sì ní oúnjẹ mìíràn. Ojúmọ́ lọ́hùn-ún tún kúrú, òru gùn, àkókò tí ẹyẹ lè fi wá nǹkan jẹ kò tó nǹkan.

Ẹ wo bí ìrìn àjò náà ṣe tó. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan kò ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, bíi ṣíbí tíì márùn-ún tí ẹ bu ṣúgà sí. Sàhárà tó ń là kọjá fẹ̀ tó 1,500 sí 2,000 kìlómítà láti àríwá sí gúúsù. Ẹyẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní garden warbler máa ń jẹun títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì kó tó wọ aṣálẹ̀ náà. Ọ̀rá yẹn ni epo tó fi ń rìn, nígbà tó bá sì fi jáde ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rá ti jó tán lára rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń tẹnu mọ́ ọn nísàlẹ̀ pé kí ẹ má ṣe dá ẹyẹ dìde, ohun tí mò ń rò nìyẹn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá sá fún wa, oúnjẹ tó fi òógùn wá ló ń ná.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa ńkọ́? Ṣé òun náà ti òkè òkun wá?

Rárá o. Onílé nìyẹn. Èyí tó ti Yúróòpù wá kì í kọ́lé níbí, kì í yé ẹyin níbí, kì í sì í pamọ níbí. Ọ̀hún ló ń ṣe gbogbo ìyẹn, láàárín Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀ẹ̀rùn wa ló wá lò, ó jẹun, ó pààrọ̀ ìyẹ́, ó sì padà.

Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ọ̀fun ni kí ẹ wò. Ọ̀fun àlejò pọ́n bí osùn, àmùrè dúdú kan sì gba àyà rẹ̀ kọjá láìjá níbì kankan. Èyí tó sábà máa ń gbé ọ̀dọ̀ wa, tí òyìnbó ń pè ní Ethiopian swallow, ọ̀fun tirẹ̀ kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀, iwájú orí ló pọ́n, àmùrè àyà rẹ̀ sì já láàárín. Fọ́tò tí àyà ẹyẹ ti hàn dáadáa ló máa ń parí àríyànjiyàn yìí.

Ìgbà wo ló dáa jù láti yà wọ́n?

Láti Oṣù Kẹwàá títí wọ Oṣù Kẹrin ni wọ́n fi ń wà níbí, àmọ́ ojú wọn kì í rí bákan náà jálẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá, yellow wagtail tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń ṣú bí aṣọ tí oòrùn ti pa láwọ̀. Láti Oṣù Kìíní lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìyẹ́ tuntun. Ní Oṣù Kẹta, akọ rẹ̀ á ti pọ́n yòò, ẹ óò sì lè rí i pé orí wọn yàtọ̀ síra, ti òmíràn dúdú, ti òmíràn àwọ̀ eérú, ti òmíràn bíi aró tó ṣá. Ibi tí kálukú ti wá ló fà á. Bí ẹ bá ní ọjọ́ méjì péré láti lò lọ́dún, ẹ fi wọ́n sí Oṣù Kẹta.

Ní ti wákàtí, àárọ̀ kùtù ni. Nígbà ọyẹ́, oòrùn ń yọ sí nǹkan bí aago méje àárọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ ti jókòó kó tó yọ. Bó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ooru á ti máa jó lórí ilẹ̀, lẹ́ǹsì gígùn á sì máa ya ẹyẹ bí ìgbà tí ó wà nínú omi. Kò sí owó kámẹ́rà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ìrọ̀lẹ́ náà dáa, láti aago mẹ́rin ààbọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Níbo ni kí n lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé tó wà ládùúgbò yín. Mi ò fi ṣeré. Yellow wagtail fẹ́ràn koríko kúkúrú, inú ọgbà ilé ìwé ni mo sì ti rí èyí tó dáa jù nínú àwọn tí mo ti yà. Ibi tí màlúù ti ń jẹko náà dáa, nítorí ẹsẹ̀ màlúù ń dá kòkòrò dìde, lékeléke àti wagtail sì ń tẹ̀ lé e.

Ní Ìbàdàn, ẹ lè lọ sí etí omi Ẹlẹ́yẹlé. Ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, náà ní adágún omi àti igbó tó fẹ̀ tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó wọlé. Ní Èkó, Lekki Conservation Centre, ọgbà igbó ti Nigerian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, wà níbẹ̀ láti ọdún 1990. Afárá orí igi tó wà nínú rẹ̀ gùn ní 401 mítà, ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀ á máa wo ẹyẹ igbó ní ojúkojú dípò kó máa wo ikùn wọn láti ìsàlẹ̀. Etí ọ̀sà àti etíkun lápá Badagry ló dára fún àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ìgbà tí omi òkun bá fà sẹ́yìn ni kí ẹ lọ, ìgbà yẹn ni wọ́n ń jẹun.

Bí ẹ bá lè rin ìrìn àjò jìnnà, àbàtà Hadejia-Nguru ní ìpínlẹ̀ Jigawa àti Yobe ni pẹ́pẹ́yẹ igbó láti Yúróòpù ti máa ń pọ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ààbò dáadáa kí ẹ tó gbéra.

Irú kámẹ́rà wo ni kí n rà?

Lẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ tó ro kámẹ́rà. Ẹyẹ kéré, ó sì máa ń jìnnà. Ohun tó kéré jù tí mo lè ní kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ ni lẹ́ǹsì 300mm. Èyí tó ń lọ láti 100 dé 400, tàbí láti 150 dé 600, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀) kéré, tí kì í ṣe full frame, kì í ṣe àléébù fún ẹni tó ń ya ẹyẹ, nítorí lẹ́ǹsì 400mm lórí rẹ̀ á fà á súnmọ́ bíi 600.

Tòkunbọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ ra lẹ́ǹsì tòkunbọ̀, ẹ gbé e sókè síbi iná, ẹ ṣí ojú rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun kan tó nà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, ó ti hu nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó dínwó tó.

Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé kí n jókòó sílé?

Kí ẹ má jókòó o. Àgbájọ ẹyẹ ni kí ẹ máa fi fóònù yà: lékeléke tó tò lọ bí okùn funfun lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó jókòó lórí wáyà iná bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò nílò lẹ́ǹsì gígùn. Bí ẹ bá sì ní awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ẹ lè fi ojú kámẹ́rà fóònù ti ojú rẹ̀ kan kí ẹ yà á gba ibẹ̀. Ó gba sùúrù, ó sì gba kí ẹ wá nǹkan gbé e lé, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Báwo ni kí n ṣe to kámẹ́rà mi?

Fún ẹyẹ tó ń fò, shutter (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí ojú kámẹ́rà fi ń ṣí) kò gbọdọ̀ dín ní 1/2000. Ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tún yára ju ìyẹn lọ, 1/3200 ni mo máa ń lò fún un. Ẹyẹ tó dúró tàbí tó ń rìn lè gba 1/800. Ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì sí f/5.6 sí f/8, kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yan ISO, ìyẹn bó ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó. Ẹ má bẹ̀rù ISO tó ga. Fọ́tò tó ní hóró díẹ̀díẹ̀ ṣì ṣe é tún ṣe, èyí tó ti fọ́ bàìbàì ti lọ nìyẹn. Ẹ fi focus sí èyí tó ń bá nǹkan tó ń rìn lọ, ẹ fi yíyà rẹ̀ sí léraléra, kí ẹ sì máa yà á sí RAW, irú fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe.

Ojú ẹyẹ ni kí ẹ máa dì mú. Bí ojú bá hàn kedere, ènìyàn á fàyè gba ìrù tó bàìbàì.

Afẹ́fẹ́ tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Ẹ rántí àwòdì tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́. Ẹ̀fúùfù ẹ̀yìn dáa fún ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, àmọ́ bí ẹyẹ bá fẹ́ bà tàbí tó fẹ́ gbéra, ó máa ń kọjú sí atẹ́gùn ni. Láti àríwá-ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́. Bí ẹ bá wá ọ̀gangan tí oòrùn àárọ̀ á fi wà lẹ́yìn yín, àwọn ẹyẹ tó ń bà máa ń kọjú sí apá ọ̀dọ̀ yín, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ lójú wọn. Láti ọdún tí mo ti mọ èyí, fọ́tò ìdí ẹyẹ ti dín kù gan-an lọ́wọ́ mi.

Lékeléke mi máa ń funfun jù, àwòdì mi sì ń dúdú bí èédú. Kí ni mò ń ṣe?

Kámẹ́rà ló ń tàn yín. Ohun tó pọ̀ jù nínú àwòrán ló ń fi mọ ìmọ́lẹ̀. Bí lékeléke kan bá dúró láàárín koríko tó ṣú, kámẹ́rà á rò pé ilẹ̀ ti ń ṣú, á mú gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, ìyẹ́ lékeléke á sì jóná pátá. Ìyẹ́ tó bá ti jóná bẹ́ẹ̀ kò ṣe é dá padà. Ẹ fi exposure compensation dín ìmọ́lẹ̀ kù, láti −0.7 títí dé −1.3, kí ẹ sì wo histogram, àwòrán tó ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn lójú kámẹ́rà, bóyá ó ti lu ògiri apá ọ̀tún.

Ti àwòdì ni òdìkejì rẹ̀. Ojú ọ̀run ọyẹ́ funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ fi +1 kún un, ó lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni mo ṣe lè sún mọ́ wọn láì jẹ́ kí wọ́n fò lọ?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo lọ sí etíkun lápá Badagry, mo rí ọ̀wọ́ ẹyẹ etí omi tó ń jẹun níbi tí ìgbì ti ń fà padà. Mo rìn tààrà lọ bá wọn. Wọ́n fò, wọ́n bà síwájú. Mo tún tẹ̀ lé wọn, wọ́n tún fò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Baba apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ló pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, jókòó. Ebi ń pa wọ́n. Wọn á padà wá síbi oúnjẹ wọn." Mo jókòó sínú iyanrìn. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, wọ́n padà, wọ́n ń jẹun bọ̀ lọ́dọ̀ mi títí lẹ́ǹsì mi ò fi lè mú èyí tó sún mọ́ jù mọ́. Ojú tì mí fún ẹ̀ẹ̀mẹrin àkọ́kọ́ yẹn, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Mo máa ń wá ibi tí wọ́n ti ń jẹun, mo wo ibi tí wọ́n ń kọjú sí, mo sì lọ dúró dè wọ́n níwájú. Mo máa ń dojú bolẹ̀, nítorí ènìyàn tó dúró gbọọrọ ń bà wọ́n lẹ́rù ju ẹni tó nà sílẹ̀ lọ, fọ́tò tí a yà ní ìpele ojú ẹyẹ náà sì dára ju èyí tí a yà láti òkè. Bó bá di dandan kí n sún, mo máa ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, n kì í lọ tààrà, n kì í sì í tẹjú mọ́ wọn.

Ẹyẹ máa ń sọ̀rọ̀ kó tó fò. Á dáwọ́ oúnjẹ dúró, á na ọrùn sókè, á wò yín. Sandpiper á máa mi ìdí kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti rí èyí, ẹ ti sún mọ́ jù. Ẹ dúró. Bí kò bá padà sídìí oúnjẹ, ẹ fà sẹ́yìn.

Mọ́tò náà jẹ́ ibùba tó dáa. Ẹyẹ tó ń sá fún ènìyàn kì í sá fún mọ́tò tó dúró. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, nítorí ó ń gbọn lẹ́ǹsì, kí ẹ wá gbé lẹ́ǹsì lé ojú fèrèsé lórí àpò ẹ̀wà. Èmi ni mo ṣe tèmi: mo gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò jíǹsì tó ti gbó, mo rán ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo da ẹ̀wà kóńgò kan sí i, mo rán òkè. Ó máa ń di lẹ́ǹsì mú bí ìrọ̀rí ṣe ń di orí ọmọdé mú.

Nídìí màlúù, darandaran ni kí ẹ kọ́kọ́ kí kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú lékeléke kan ṣoṣo, kí ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ ó rí i tó ń fi ẹsẹ̀ bá ẹsẹ̀ màlúù rìn, tí yóò dúró lójijì, ara rẹ̀ á dá gbé gẹ́dẹ́gbẹ́, ọrùn nìkan ni yóò máa mì sọ́tùn-ún sósì bíi ti ejò. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn rẹ̀, tata á ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ṣé mo lè fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ sáfẹ́fẹ́ kó lè jáde síta? Oúnjẹ ńkọ́?

Ẹ má ṣe é. Ẹyẹ tó bá gbọ́ ohùn irú rẹ̀ á rò pé ẹnìkan fẹ́ gba ààyè òun, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí kò sí. Oúnjẹ náà, n kì í fi tàn wọ́n. Ibi tí oúnjẹ ti ń bọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni ológbò àti ọmọ onírọ́bà ti ń dúró dè wọ́n.

Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Kò ní ba kámẹ́rà mi jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́ lóòótọ́. Púpọ̀ nínú eruku yìí wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ó kúnná ju ìyẹ̀fun èlùbọ́ lọ, kò sì sí ihò tí kò lè wọ̀. Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mo pààrọ̀ lẹ́ǹsì ní ẹ̀bá títì. Gbogbo fọ́tò tí mo yà lọ́sẹ̀ yẹn ló ní àmì dúdúdúdú lójú ọ̀run. Láti ìgbà náà, lẹ́ǹsì kan ni mò ń gbé jáde, ilé ni mo ti ń fi í sí ojú kámẹ́rà. Ẹ fi aṣọ tàbí ọ̀rá bò ó títí ẹ ó fi débẹ̀. Bí eruku bá bà lójú lẹ́ǹsì, ẹ fi rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ ẹ dànù kí ẹ tó fi aṣọ kàn án, nítorí bí ẹ bá fi aṣọ nù ún ní gbígbẹ, á fá ojú rẹ̀.

Eruku yìí náà ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Ó ń ta oòrùn àárọ̀ sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, òjìji kì í sì í le. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá kúdú díẹ̀, ẹyẹ funfun àti ẹyẹ dúdú máa ń gún régé nínú fọ́tò kan náà.

Nínú fọ́tò mi, ìyẹ́ apá alápàáǹdẹ̀dẹ̀ já. Ṣé ó ṣèṣe ni?

Ó lè jẹ́ pé ìyẹ́ ló ń pààrọ̀. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni barn swallow ti ń bọ́ gbogbo ìyẹ́ rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má bàa pàdánù agbára àti fò. Bí àlàfo náà bá wà ní apá méjèèjì, tí wọ́n sì bára mu, ara rẹ̀ le. Ìrù gígùn tó ní ní Oṣù Kẹta, ibí ló ti hu ú. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, ẹ má pa á rẹ́ torí pé kò lẹ́wà.

Mo rí òrùka lẹ́sẹ̀ ẹyẹ kan. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ yà á léraléra, kí ẹ sì yà á láti igun oríṣiríṣi, títí nọ́ńbà tàbí lẹ́tà ara rẹ̀ á fi hàn. Àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ ló ń fi òrùka náà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ti irin máa ń ní nọ́ńbà àti orúkọ ilé iṣẹ́ tó fi í síbẹ̀. Ti aláwọ̀ ni ẹ lè kà láti ọ̀nà jíjìn, ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó wà sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí EURING, tó ń ṣe kòkáárí iṣẹ́ òrùka ní Yúróòpù, ẹ lè gbọ́ ìlú tí wọ́n ti mú ẹyẹ yín àti ọjọ́ tí wọ́n fi òrùka sí i. Kò sí lẹ́tà tó ń dùn mọ́ mi nínú bí irú èyí.

Ṣé mo nílò àṣẹ? Ààbò ńkọ́?

Ẹ má gbé lẹ́ǹsì gígùn nítòsí bárékè, ọgbà ẹ̀wọ̀n, pápákọ̀ òfurufú tàbí ibi tí àwọn agbófinró wà. Láti òkèèrè, ó lè jọ nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá dé abúlé, ẹ lọ kí baálẹ̀, ẹ fi fọ́tò ẹyẹ hàn án lórí fóònù yín kó lè mọ ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹ má dá nìkan lọ. Ọdẹ ìlú ni ẹlẹgbẹ́ tó dáa jù, nítorí ó mọ ibi tí ẹyẹ ń sùn, ó sì mọ ọ̀nà. Dróònù ní tirẹ̀ gba ìwé àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, ó sì ń lé ẹyẹ níbi tó ń sùn. Ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní London. Ṣé òun náà lè yà wọ́n?

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ á ti kúrò lọ́dọ̀ wọn kí Oṣù Kẹwàá tó parí. Àmọ́ ìlú wọn náà ń gba àlejò lọ́wọ́ ibi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. London Wetland Centre ní Barnes kò jìnnà sí àárín ìlú, pẹ́pẹ́yẹ igbó sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ nígbà òtútù. Bí ẹ̀gbọ́n bá lè dé Slimbridge, níbi tí Peter Scott ti dá Wildfowl and Wetlands Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ omi, sílẹ̀ ní 1946, wọ́n lè rí Bewick's swan, ẹyẹ omi funfun ọlọ́rùn gígùn, tó ti àríwá Rọ́ṣíà wá. Àwọ̀ dúdú àti ìyeyè ẹnu wọn kò bára mu, bí ìlà ojú ṣe máa ń yàtọ̀ láti ìdílé sí ìdílé, òun ni wọ́n sì fi ń dá ẹyẹ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lọ́dọọdún. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n fi bátìrì kejì sínú àpò tó kan ara, nítorí òtútù ń tètè pa bátìrì.

Mo rí ẹyẹ tó ti kú létí omi. Ṣé mo lè gbé e kí n yà á dáadáa?

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àrùn lùkúlùkú àwọn ẹyẹ tí òyìnbó ń pè ní bird flu ti wọ orílẹ̀-èdè yìí láti 2006. Ẹ yà á láti òkèèrè, bí wọ́n bá sì ju ẹyọ kan lọ, ẹ sọ fún dókítà ẹran tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Níbo ni kí n gbé fọ́tò mi sí? Ṣé kí n sọ ibi tí mo ti yà á?

Ẹ gbé e sórí eBird, ìkànnì tí àwọn tó ń wo ẹyẹ ń kọ ohun tí wọ́n rí sí, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á. Àwọn tó ń ka ẹyẹ ní Nàìjíríà kéré, fọ́tò kan tó ní ọjọ́ lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà fún àgbègbè kan. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ ẹyẹ, áàpù Merlin tó wà lórí fóònù á ràn yín lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni.

Ibi tí ẹyẹ ti ń sùn lọ́pọ̀ yanturu ni mo máa ń ṣọ́ra fún. Ní Ebbaken-Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń wá sùn nínú koríko gíga orí òkè lé ní mílíọ̀nù kan, àtè ni àwọn ará ibẹ̀ sì ti fi ń mú wọn jẹ tipẹ́tipẹ́. Àwọn tó ń dáàbò bo ẹyẹ lọ jókòó bá àwọn ará abúlé náà sọ̀rọ̀ kí iye tí wọ́n ń pa tó dín kù. Nítorí náà, bí mo bá rí ibùsùn ńlá tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, àwọn onímọ̀ nìkan ni mò ń sọ fún. Gbogbo ayé lè rí fọ́tò náà láì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ìgbà wo ni wọ́n ń padà, báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Láti àárín Oṣù Kẹta ni ẹ óò ti rí i pé ara wọn kò lélẹ̀ mọ́. Yellow wagtail tó ń dá jẹun tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ, wọ́n á máa jẹun láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì yó kìtìkìtì. Lékeléke á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní àtàrí àti àyà bí ìgbà tí a fi osùn kùn ún, ó ń múra àtipamọ lókè. Òjò àkọ́kọ́ á rọ̀, eèsún á ta jáde, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ á pọ̀ gan-an lójú ọ̀run fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, mo máa ń gbé àpò ẹ̀wà mi lọ sí pápá ilé ìwé kí ojúmọ́ tó mọ́, lójoojúmọ́, nítorí mi ò mọ èyí tó máa jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Lọ́dún tó kọjá, àwọn wagtail mẹ́rìnlélógún ni mo kà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, koríko àti ìrì nìkan ni mo bá.